Oko Tí Ń Kọ́ Ọ̀dọ́ ní Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa, ẹni tí ó bá dé Àjàṣẹ́, tí ó gba ọ̀nà Ouando, yóò rí ọgbà ńlá kan tí à ń pè ní Songhaï. Orúkọ ìjọba ńlá tí ó wà lẹ́bàá odò Ọya láyé àtijọ́ ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ní 1985 ni Godfrey Nzamujo, àlùfáà ẹgbẹ́ Dóminíkì Mímọ́, ọmọ Nàìjíríà, dá a sílẹ̀. Amẹ́ríkà ni ó wà nígbà tí ìròyìn ìyàn tí ó mú ní Áfíríkà kan án lára, tí ó sì padà wá. Ìjọba ilẹ̀ Benin fún un ní hẹ́kítà 1 péré. Òun àti ìwọ̀nba ọ̀dọ́ tí wọ́n ti fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ni wọ́n fi ọkọ́ lé ilẹ̀ náà.

Ohun tí ó máa ń ya àlejò lẹ́nu níbẹ̀ ni pé wọn kì í sọ ohunkóhun nù. Wọ́n ń kó ìgbẹ́ ẹran sínú kòtò tí a bò mọ́lẹ̀, gáàsì tí a fi ń dáná ń ti inú rẹ̀ jáde, èyí tí ó kù sì di ajílẹ̀. Wọ́n ń fi ìdọ̀tí sin ìdin, ìdin sì di oúnjẹ ẹja. Omi adágún ẹja ni wọ́n ń bu sí ẹ̀fọ́. Koríko ojú omi tí ń dí ọ̀nà ọkọ̀ àwọn apẹja wa pàápàá ń bá wọn sọ omi ìdọ̀tí di mímọ́.

Níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kì í jókòó ti ìwé nìkan. Ó ń ti oko bọ́ sí ìdí ẹran ọ̀sìn, ó ń tibẹ̀ lọ sí ìdí ẹja. Ó ń kọ́ ìṣirò owó àti bí a ti ń darí iṣẹ́ pẹ̀lú, nítorí wọ́n fẹ́ kí ó padà sí abúlé rẹ̀ lọ dá oko tirẹ̀ sílẹ̀, kí àwọn mìíràn lè kọ́ṣẹ́ lára rẹ̀. Bí ẹja bá kú, àwáwí kò lè jí i. Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́ ti ń mọ̀ pé aṣáájú ni ẹni tí a fi nǹkan lé lọ́wọ́ tí nǹkan náà kò bàjẹ́. Ní 1993, wọ́n fún àlùfáà náà ní ẹ̀bùn ńlá kan tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn aṣáájú tí ń gbógun ti ebi ní Áfíríkà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé ara wa wàyí. Ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, bí ọmọ bá fìdí rẹmi nílé-ẹ̀kọ́, à ń sọ fún un pé, “Oko ni ìwọ yóò lọ!” bí ẹni pé èpè ni. Ọmọ tí a fi oko bú, báwo ni yóò ṣe fẹ́ràn rẹ̀? Kútọnú tàbí Èkó ni yóò sá lọ, ilẹ̀ baba rẹ̀ yóò sì di igbó.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ̀yin òbí, ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ wo Ouando. Bí ẹ bá padà délé, ẹ fún ọmọ ní ilẹ̀ díẹ̀ tàbí adìyẹ mélòó kan. Ẹ jẹ́ kí ó máa kọ ohun tí ó ná àti ohun tí ó pa sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kí èrè ibẹ̀ sì jẹ́ tirẹ̀. Ẹ má ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.