Láti Lẹ́kkí Dé Ajah: Ètò Kọ̀ǹpútà Tí A Kò San Owó Rẹ̀

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Victoria Island tí ó ń lọ sí Ajah yóò rí oríṣiríṣi ayé lójú ọ̀nà kan ṣoṣo. Yóò kọjá Lẹ́kkí Phase 1, níbi tí ilé ńláńlá àti ọ́fíìsì àwọn agbẹjọ́rò wà. Yóò kọjá Ìkàtẹ́, Jákàńdè, Agungi àti Ìkọ́tà, kí ó tó bọ́ sí ariwo ọjà Ajah. Bí àdúgbò wọ̀nyí ti yàtọ̀ síra tó, ohun kan kò wọ́n ní ìkankan nínú wọn: ṣọ́ọ̀bù kékeré tí wọ́n ti ń tẹ ìwé. Níbẹ̀ ni a ti ń tẹ ìwé ìwáṣẹ́, ìwé àdéhùn ilẹ̀ àti ìwé ìpè ìgbéyàwó.

Bí a bá bèèrè ibi tí wọ́n ti ra Microsoft Word tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ yóò ní ó bá kọ̀ǹpútà wá ni. Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù kékeré nìkan. Àjọ BSA, tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà, ṣírò rẹ̀ fún ọdún 2011 pé nínú 100 ètò tí a kó sínú kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà, bí 82 ni kò ní ìwé àṣẹ.

Kí ló fà á? Èkíní ni owó. Ní October 2024, Microsoft gbé Office Home 2024 jáde ní nǹkan bí dọ́là 150 fún kọ̀ǹpútà kan. Dọ́là kan ju náírà 1,500 lọ nígbà náà, nítorí náà ètò kan ṣoṣo ju náírà 225,000 lọ. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní July ọdún kan náà sì jẹ́ náírà 70,000. Owó iṣẹ́ oṣù mẹ́ta kò tó o rà.

Èkejì, àwọn tí ń ta láptọ́ọ̀pù àlòkù sábà máa ń kó o sínú rẹ̀ kí oníbàárà tó sanwó, ẹnikẹ́ni kò sì ní mẹ́nu kan ìwé àṣẹ. Ẹ̀kẹta, Word àti Excel ni àwọn agbanisíṣẹ́ ń bèèrè, òun náà sì ni a ń kọ́ àwọn ọmọ wa. Ẹ̀kẹrin, bí a bá jí ewúrẹ́, okùn lásán ni olówó rẹ̀ yóò bá nílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá da ètò kọ̀ǹpútà kọ, ti olówó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà ọkàn kì í tètè dá ni lẹ́bi.

Òfin kò wò ó bẹ́ẹ̀. Láti 1988 ni òfin Nàìjíríà ti ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ ìwé kíkọ tí ó ní olówó, òfin tuntun tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní March 2023 sì tún fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Ọmọ wa tí ó ń kọ ètò fún ilé oògùn tàbí ilé ìwé mọ ìrora rẹ̀: ó tà á fún ẹnì kan, mẹ́wàá dà á kọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ewu mìíràn tún wà. Ẹni tí ó bá bá wa já àgádágodo ilé wa lè rọ kọ́kọ́rọ́ kan fún ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tí ó já ìdènà ètò kọ̀ǹpútà ṣe lè fi olè pamọ́ sínú rẹ̀. Ẹ rántí pé nínú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù yìí ni ìwé ilẹ̀ àti ìwé ẹ̀rí àwọn aládùúgbò wà.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba owó ibodè lójú ọ̀nà Lẹ́kkí ní December 2011, àwọn ará àdúgbò fi ẹ̀hónú hàn. Wọ́n ní ẹni tí kò lè san án yẹ kí ó ní ọ̀nà mìíràn tí yóò gbà. Owó náà kò dáwọ́ dúró títí di October 2020. Ní ti ètò kọ̀ǹpútà, ọ̀nà mìíràn náà ti wà nílẹ̀. LibreOffice, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2010, ń tẹ lẹ́tà, ó ń ṣírò owó, ó sì ń ṣí ìwé tí a fi Word tẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tí ó ṣe é fi àyè gbà wá láti dà á kọ sínú kọ̀ǹpútà mẹ́wàá tàbí ọgọ́rùn-ún. Òótọ́ ni pé ìlà ìwé lè yẹ̀ díẹ̀ nígbà mìíràn, ọwọ́ ẹni yóò sì gba ọjọ́ mélòó kan kí ó tó mọ́ ọn. Ìyẹn kò tó ohun tí a ó fi ẹ̀rí ọkàn rọ́pò.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ́fíìsì ìjọ, níbi tí a ti ń tẹ ètò ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Kí akọ̀wé yẹ kọ̀ǹpútà náà wò lọ́sẹ̀ yìí. Ohun tí a kò ra, kí a yọ ọ́ kúrò. Èyí tí a kò lè ṣe aláìní, kí ìgbìmọ̀ ya owó rẹ̀ sọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà kí olúkúlùkù ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilé àti ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́.