Wákàtí Kan ní Ìgànná

Àwọn awakọ̀ kì í pẹ́ ní Ìgànná. Èrò á sọ̀, èrò á wọ̀, wọn á di ẹrù gààrí àti ẹ̀gúsí sórí ọkọ̀, ó di Ìwéré-Ilé. Páànù tí ó ti dípẹtà, eruku, àti àwọn ọmọ tí ń kiri omi ni arìnrìnàjò ń rí láti ojú fèrèsé. Abájọ tí àwọn mìíràn fi ń pe ibẹ̀ ní abúlé.

Ìlú ni, kì í sì í ṣe ìlú àná. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé ń gbilẹ̀, Ìgànná ni olórí Ẹkùn Ọ̀tún, èyí tí í ṣe àwọn ìlú apá ọ̀tún odò Ògùn. Bẹ́ẹ̀ ni Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Ṣakí àti Ìsẹ́yìn pẹ̀lú wà lára ẹkùn náà. (Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe ṣì í mú fún Ìjànnà ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí Clapperton gbà kọjá ní 1825.) Oyè Sábìgànná kò parun, ìlú náà sì wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ìwàjówà láti 1996. Ẹni tí ó jókòó sínú ọkọ̀ kò lè fura sí èyí. Àfi kí ó fi ẹsẹ̀ rìn.

Olùkọ́ Yorùbá kan rìn níbẹ̀ nígbà tí táyà ọkọ̀ wọn bẹ́, tí awakọ̀ sì ní iṣẹ́ náà yóò gba wákàtí kan. Ọmọ Ìgànná ni ìyá tí ó bí ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò dé ibẹ̀ rí. Àwọn èrò yòókù wá ibòòji. Òun yà kúrò lójú títì.

Láfún funfun ni wọ́n sá sórí àpáta. Òórùn òrí tí wọ́n ń sè ń ti ẹ̀yìnkùlé jáde. Ìkíni ni owó ibodè: ‘Ẹ kú iṣẹ́’ fún ẹni tí ń sá láfún, ‘Ẹ kú ìjókòó’ fún àgbà ẹnu ọ̀nà. Àjèjì tí ó bá ń kọjá láìkí ènìyàn, ojú olè ni wọn yóò fi wò ó, wọn kò sì jẹ̀bi.

Ìyá arúgbó kan ń ṣa ẹ̀gúsí. Olùkọ́ kúnlẹ̀ kí i.

‘Òo, ọmọ mi. Ọmọ ta ni ọ́?’

Ó sọ ti ìyá ìyá rẹ̀.

‘Agbo ilé wo?’

Kò mọ̀ ọ́n.

‘Kí ni wọ́n ń kì í?’

‘Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè é, mà.’

‘Àbẹ̀kẹ́ pọ̀ ní Ìgànná bí eéran. Oríkì orílẹ̀ yín ni mo ń bèèrè.’

Lọ́dọọdún ni olùkọ́ yìí ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní oríkì Oníkòyí, ti Olófà àti ti Òpómúléró nítorí ìdánwò, wọ́n sì ń gba máàkì dáadáa. Tirẹ̀ ni kò sí lẹ́nu rẹ̀. Ó tẹrí ba.

‘Ó dára. Kí ni ẹ kì í jẹ nílé yín?’

Ó rántí pé òkété kì í wọ ìkòkò ìyá òun, kò sì sí ẹni tí ó bèèrè ìdí rẹ̀ rí.

Ìyá gbé atẹ kalẹ̀. Ó wò ó lójú, ó wo iwájú orí rẹ̀, ó wá nawọ́ sí ọ̀nà tóóró kan tí ó gba ẹ̀yìn ọjà lọ. ‘Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Sọ èyí fún wọn, wọn yóò mọ̀ ọ́.’

Fèrè ọkọ̀ dún lójú títì, ó tún dún lẹ́ẹ̀kejì. Olùkọ́ náà rán ọmọdé kan sí awakọ̀ pé kí ó bá òun sọ báàgì òun kalẹ̀.