Oko Àlìkámà Harpenden: Oúnjẹ Ilẹ̀ Ni Oúnjẹ Wa

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kì í jẹ́ kí ọjọ́ kan lọ láìfi búrẹ́dì kan ẹnu, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni ó ti fojú rí oko àlìkámà tí a ń lọ̀ di ìyẹ̀fun rẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àlìkámà tí à ń jẹ ní Nàìjíríà, ọkọ̀ òkun ni ó ń gbé e wá. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a rìn dé oko kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń bi ilẹ̀ léèrè láti ọdún 1843 pé: kí ni kí a fún ọ jẹ, kí ìwọ náà lè bọ́ wa yó?

Harpenden ni ìlú náà, kò sì jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ènìyàn wa tí ó wà lọ́hùn-ún lè wọ ọkọ̀ ojú irin ní St Pancras, kí wọ́n sì débẹ̀ kí wákàtí kan tó pé. Létí ìlú ni Rothamsted wà, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé. Broadbalk ni orúkọ pápá àlìkámà ibẹ̀. Nígbà tí irúgbìn bá ń dàgbà, ẹ ó rí i ní ìlà-ìlà bí aṣọ òfì: ìlà kan tutù yọ̀yọ̀, èkejì gbẹ hangangan, bẹ́ẹ̀ ni irúgbìn kan náà ni wọ́n gbìn sí méjèèjì.

John Bennet Lawes ni ó ni ilẹ̀ náà. Òun àti onímọ̀ kẹ́místírì kan, Joseph Henry Gilbert, ni ó pín in sí ìlà, wọ́n sì jọ ṣiṣẹ́ fún ọdún 57, títí Lawes fi kú ní 1900. Ìlà kan wà tí kò tíì jẹ ajílẹ̀ kankan láti 1843; nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan péré ni ó ń so lórí hẹ́kítà kan, èyí tí í ṣe éékà méjì ààbọ̀. Ìlà mìíràn ń jẹ ìgbẹ́ ẹran, tọ́ọ̀nù 35 lórí hẹ́kítà kan lọ́dọọdún. Àwọn mìíràn ń jẹ ajílẹ̀ tí ó ní náítírójìn, olúkúlùkù ní ìwọ̀n tirẹ̀. Èyí tí ó jẹun dáadáa nínú wọn ń so ju ìlọ́po mẹ́rin ti aláìjẹun lọ.

Náítírójìn yìí ni àlìkámà fi ń ṣe èròjà tí ń mú ara ọmọ dàgbà, òun náà ni ó sì ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun fà kí búrẹ́dì lè wú. Ó kún inú afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ: àlìkámà kò lè mú un níbẹ̀. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tín tí ojú lásán kò lè rí ni ó lè mú un. Ẹ fa ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà tu nílẹ̀, ẹ ó rí kókó wẹ́wẹ́ lára gbòǹgbò rẹ̀. Ilé wọn nìyẹn. Àwọn ará Jámánì méjì, Hellriegel àti Wilfarth, ni ó fi èyí hàn láàárín 1886 sí 1888. Irú wọn mìíràn ń gbé inú ilẹ̀, wọ́n ń sọ ìgbẹ́ ẹran di ohun tí gbòǹgbò lè mu.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni ohun gbogbo. Ajílẹ̀ amóníà tí a ń dà sílẹ̀ lọ́dọọdún a máa mú ilẹ̀ kan. Ẹfun ni wọ́n fi ń tún un ṣe. Èyí tí ó bá sì pọ̀ ju ohun tí irúgbìn lè jẹ, òjò a wọ́ ọ lọ sínú odò. Láti 1849 ni wọ́n ti ri ọ̀pá sábẹ́ pápá náà, omi tí ń ti ibẹ̀ jáde ni ó sì tú àṣírí yìí.

Ohun tí ó yẹ kí ó ká wa lára jù wà nínú yàrá ìpamọ́ wọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi díẹ̀ nínú ọkà ọdọọdún pamọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n kéde ní 2008 pé irin àti síńkì inú ọkà dúró bákan náà títí di àárín ọdún 1960 sí 1969, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń dín kù. Ilẹ̀ kọ́ ni kò ní wọn mọ́. Irú àlìkámà kúkúrú tí ń so púpọ̀ ni ó dé: ọkà pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n èròjà inú rẹ̀ fọ́n ká bí ọbẹ̀ tí a bu omi lé. Ọmọ tí kò rí síńkì jẹ tó kì í dàgbà bó ti yẹ, ìgbẹ́ gbuuru a sì tètè dá a wó.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Ní àárín ilẹ̀ Tọ́kì, níbi tí síńkì ṣọ̀wọ́n fún irúgbìn, àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi síńkì sí ajílẹ̀ láàárín 1990 sí 1999, ìkórè wọn sì pọ̀ sí i. Bí a bá fọ́n síńkì sí ewé, ọkà náà a gbà nínú rẹ̀. Àlìkámà tí ó sì rí náítírójìn jẹ tó ni ó ń kó síńkì sínú ọkà jù.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ pín ọgbà ilé ìwé yín sí ìlà méjì, ọ̀kan pẹ̀lú ìgbẹ́ ẹran, ọ̀kan láìsí. Kí àwọn ọmọ wọn ìkórè rẹ̀ fúnra wọn. Ẹ̀yin oníṣòwò, bí ẹ bá fi búrẹ́dì ṣe oúnjẹ àárọ̀ ọmọ yín, ẹ bu ẹ̀wà tì í. Ikùn lè kún kí ara má yó.