Ìgò Kan Láti Inú Bọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má retí ewì lọ́wọ́ mi lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ kan ló wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ sọ jáde, kò sì gba ewì.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìkòtún, ló tọ́ mi dàgbà. Gààrí ló ń tà. Láyé ìgbà yẹn, ó lè gbé àpò gààrí fúnra rẹ̀ láì pe alábàárù. Nígbà tí jẹjẹrẹ mú un lọ́mú, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì ní kó wá gba ìtànṣán, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní "iná". Mọ́ńdè sí Fúráìdè, ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko. Èmi ni mo ń bá a lọ. A ó wọ dánfó láti Ìkòtún dé Oṣòdì, a ó tún wọ òmíràn. Tá a bá débẹ̀, ẹ̀rọ náà á kùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó parí. "Wọ́n ní iná ni," Ìyá Ìkòtún á wí, "èmi ò rí èéfín o."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo wà nínú bọ́ọ̀sì Ẹgbẹ́dá sí Ìkòtún. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Ìdímù ni ọ̀gbẹ́ni kan dìde, ó gbé ìgò kan sókè. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá ń gba iná ní ọ̀sibítù, eegun rẹ̀ ń jó lọ lábẹ́lẹ̀ ni! Antioxidant ló wà nínú èyí, á dáàbò bo eegun yín!" Ẹgbẹ̀rún méjì náírà. Owó fọ́tòkọ́pì mi ni mo fi rà á.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Ìkòtún yí ìgò náà sọ́tùn-ún sósì. "Ìwọ lò ń ka Yorùbá ní yunifásítì. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yìí?"

Mo ronú títí. "Ó ń dènà ìpẹtà, Màámi."

"Ṣé irin ni mí ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì mu ún. Ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan lálẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni mo tó bi ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ nípa iṣẹ́ ara ẹ̀dá. Ó yọ ìwé, ó ní kí n jókòó. Ohun tó yé mi rèé. Egungun kì í ṣe òkúta. Ilé tí wọ́n ń wó, tí wọ́n sì ń tún kọ́ lójoojúmọ́ ni. Àwọn kọ́lékọ́lé wà níbẹ̀ tó ń mọ egungun tuntun, àwọn awólé náà wà tó ń jẹ èyí tó ti gbó. Bí ìtànṣán bá gba inú ara kọjá, omi ló máa ń bá pàdé jù, nítorí omi ló pọ̀ jù lára wa. Á fọ́ omi náà sí wẹ́wẹ́, àwọn ẹ̀rún rẹ̀ á wá máa sáré kiri bí ọmọ ìta ní garéèjì, wọ́n á máa kọlu ẹni tí wọ́n bá rí. Wọ́n ń pa jẹjẹrẹ, torí ẹ̀ la ṣe lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ń kọlu kọ́lékọ́lé náà. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké á dí, ọ̀rá á gba ipò mùdùnmúdùn. Egungun á di ẹlẹgẹ́, ó sì lè tó ọdún mélòó kan kó tó hàn.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní. Ní New Jersey lọ́hùn-ún, ní nǹkan bí ọdún 1920, àwọn ọmọbìnrin ń fi radium kun ojú aago kó lè máa tàn lókùnkùn, ètè ni wọ́n sì fi ń pọ́n ẹnu búrọ́ọ̀ṣì. Ara ò mọ ìyàtọ̀ láàárín radium àti calcium, inú egungun ló ń tọ́jú ẹ̀ sí. Egungun àgbọ̀n àwọn ọmọ náà jẹrà. Nítòsí wa ńkọ́? Ní 13 oṣù kejì ọdún 1960, ilẹ̀ Faransé yin bọ́ǹbù átọ́míìkì ní Reggane, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà ní Àlùjíríà. Àwọn èèyàn wa pariwo. Nígbà tí wọ́n yin ẹlẹ́ẹ̀kẹta ní oṣù kejìlá, ìjọba Balewa lé aṣojú Faransé jáde ní oṣù kìíní ọdún 1961. Lára ohun tó wà nínú eruku irú bọ́ǹbù bẹ́ẹ̀ ni strontium-90, òun náà ń tọ ọ̀nà calcium lọ sínú egungun.

Ọ̀gbẹ́ni inú bọ́ọ̀sì ò wá purọ́ tán. Antioxidant ń mú àwọn ẹ̀rún tó ń sáré kiri yẹn so mọ́lẹ̀ lóòótọ́. Nínú ìwádìí lára eku, egungun àwọn tó gbà á máa ń sàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi bi mí pé, "Báwo ni ìgò yẹn ṣe fẹ́ mọ egungun yàtọ̀ sí jẹjẹrẹ?" Ó fi ìwádìí Québec, ní Kánádà, hàn mí, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2005. Àwọn 540 tí wọ́n ń gba ìtànṣán fún jẹjẹrẹ orí àti ọrùn ni. Wọ́n fún àwọn kan ní vitamin E, wọ́n fún àwọn yòókù ní oògùn òfìfo. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n fi beta-carotene mọ́ vitamin E náà, ìnira ìtọ́jú sì dín kù lára àwọn tó gba méjèèjì. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ń lo vitamin yẹn lọ́wọ́, jẹjẹrẹ tuntun yọ lára wọn ju ti àwọn yòókù lọ.

Ara mi tutù. Ọ̀sẹ̀ méjì, ṣíbí méjì lóòjọ́, ọwọ́ mi ló sì ti wá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jẹ́wọ́ fún dókítà níṣojú Ìyá Ìkòtún. Dókítà ò bá mi wí. "Ẹ dá a dúró. Ẹ̀fọ́, èso, ẹja, ẹ máa jẹ wọ́n. Èyí tó bá ti wà nínú ìgò, ẹ kọ́kọ́ gbé e wá kí n rí i." Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ìyá Ìkòtún ní kọ́ridọ̀. "Dìde, jàre," ó ní. "Ìwọ lo rà á, èmi ni mo mu ún. Lọ́jọ́ mìíràn, béèrè kó o tó rà."

Ọdún méjì kọjá. Ó gbé ìdajì àpò gààrí, ó ní òun gbọ́ "kà" níhà. Ẹ́síréè fi hàn pé egungun ìhà kan ti dá, níbi tí wọ́n gba iná sí gan-an. Dókítà ní kì í ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn, àmọ́ àwọn mọ̀ ọ́n. Ó pẹ́ kó tó jinná. Alábàárù ló ń bá a gbé ẹrù báyìí, inú rẹ̀ ò sì dùn sí i. Jẹjẹrẹ ò tíì padà wá. Bóyá ìgò mi ṣe rere, bóyá ó ṣe búburú, bóyá kò ṣe nǹkan kan, kò sí ẹni tó lè sọ ọ́ fún mi.

Ìgò náà ṣì wà lórí tábìlì mi, oògùn ṣì kù nínú ẹ̀. Mi ò sì tíì rí Yorùbá tó tó fún antioxidant. "Adènà-ìpẹtà" dùn létí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá mi. Ẹni tó bá rí èyí tó sàn jù nínú yín, ẹ bá mi kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé yìí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé: ẹ bi dókítà kí ẹ tó mu ún.