Kámẹ́rà Tó Ń Ṣẹ́jú: Ohun Tí Ojú Mi Rí

Ẹni tó bá ń fi kámẹ́rà orí kọ̀ǹpútà wá oúnjẹ òòjọ́ ní ilẹ̀ wa, iná ni ọ̀gá rẹ̀. Láti ìgbà àrùn Kòrónà, nígbà tí gbogbo ayé sá wọ orí Zoom, ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Houston àti London ní èdè wa láti inú yàrá mi n'Íbàdàn. Ojú mi ti rí nǹkan lọ́wọ́ kámẹ́rà tó ń ṣẹ́jú. Mo ti rí èyí tó ń fi ìlà dúdú gun ojú èèyàn, mo ti rí èyí tó ń kú tó ń jí, mo sì ti rí èyí tó ń mọ́lẹ̀ tó tún ń ṣókùnkùn láìnídìí. "Kámẹ́rà ti bàjẹ́" ni àwọn èèyàn ń pe gbogbo rẹ̀. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, kálukú ló sì ní ohun tó ń fà á. Ẹni tí kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, owó ni yóò kàn máa ná.

Ti ìlà dúdú ló kọ́kọ́ dé bá mi. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Texas ló fi kámẹ́rà kan ránṣẹ́ sí mi, torí èyí tó wà lára láptọ́ọ̀pù mi kò ríran dáadáa mọ́. Lọ́sàn-án, àwòrán mi a máa mọ́ kedere. Àmọ́ alẹ́ ni kíláàsì àwọn ọmọ Houston máa ń bọ́ sí lọ́dọ̀ wa, nítorí pé ọ̀sán ni lọ́dọ̀ tiwọn. Bí mo bá ti tan gílóòbù, tí mo jókòó, ìlà dúdú kan a bẹ̀rẹ̀ sí í gun ojú mi láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, òmíràn a tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀, lẹ́tà "gb" kì í ṣe ohun tí ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà ń fi etí nìkan kọ́. Ó ní láti rí bí ètè ṣe ń pàdé, tí ó sì ń là. Ìgbà tí mo bá pa ètè dé gan-an ni ìlà náà yóò gba ibẹ̀ kọjá.

Ìyá ọmọ kan bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé NEPA ló ń dà yín láàmú ni?" Mo ní rárá o, iná wà. Kò mọ̀ pé òun ti sún mọ́ ọ̀rọ̀ náà ju gbogbo àwọn oníṣẹ́ tí mo lọ bá lẹ́yìn náà lọ.

"Mummy, sensor ẹ̀ ti lọ," ni ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe wí kí ó tó fọwọ́ kàn án rárá. Ẹlòmíràn ní fáírọ́ọ̀sì ni, ó fọ kọ̀ǹpútà mi mọ́, ó gbowó ẹ̀. Ẹ̀kẹta ní dátà mi ni kò lágbára, kí n pààrọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Làpálàpá ni gbogbo wọn ń pa, èmi ni mo sì ń sanwó ọṣẹ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń ya fídíò òde ìnáwó ládùúgbò wa ló là mí lójú. Ó yà wá kí mi nírọ̀lẹ́, ó rí ìlà náà lójú kọ̀ǹpútà. Kò tiẹ̀ wo kámẹ́rà. Òkè àjà ló gbójú sí.

"Mummy, ẹ dákun, ẹ pa gílóòbù yẹn ná."

Mo pa á. Ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀ sí mi lójú. Àwòrán mi ṣú díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìlà kankan nínú rẹ̀ mọ́.

"Ẹ tàn án padà."

Bí mo ṣe tàn án ni ìlà dé.

Ó wá jókòó, ó là á yé mi. Iná NEPA tó ń wọlé wa kì í ṣàn sójú kan. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ohun tí wọ́n ń pè ní 50 Hertz nìyẹn. Ní àlọ, gílóòbù á tàn dé góńgó; ní àbọ̀, á tún tàn dé góńgó. Ìgbà 100 ló ń tàn tó sì ń rẹlẹ̀ nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo, ojú èèyàn kò sì lè rí i. Gílóòbù àtijọ́ tó ní irin tín-ín-rín nínú kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é, torí irin tó ti gbóná kì í tètè tutù. Àmọ́ LED olówó pọ́ọ́kú tí kò ní ohun tó ń fi iná pamọ́ díẹ̀ sínú, bí iná bá ti rẹlẹ̀, òun náà á rẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Kámẹ́rà ní tirẹ̀ kì í rí gbogbo ojú èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń ka àwòrán ní ìlà tẹ̀ lé ìlà ni, ó sì ń ya nǹkan bí 30 àwòrán ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìlà tó bá bọ́ sí àsìkò tí gílóòbù rẹlẹ̀ á dúdú, èyí tó bọ́ sí àsìkò tó tàn á mọ́lẹ̀. Kí èyí má baà ṣẹlẹ̀, àwọn tó ṣe kámẹ́rà fi ètò kan sínú rẹ̀ tó ń mú kí àsìkò tó fi ń gba ìmọ́lẹ̀ bá bí iná ṣe ń tàn mu. Níbi tí iná bá jẹ́ 50 Hertz, ìdá kan nínú 100 ìṣẹ́jú-àáyá ló dára, tàbí ìdá kan nínú 50. Ní Amẹ́ríkà tí tiwọn jẹ́ 60, ìdá kan nínú 120 ni, tàbí ìdá kan nínú 60. Amẹ́ríkà ni kámẹ́rà mi ti wá, 60 ló sì wà. Ìṣirò Texas ló gbé wá sí Ìbàdàn.

Ọmọkùnrin náà ṣí áàpù Camera tó wà nínú Windows, ó wọ inú settings rẹ̀, ó wá ibi tí wọ́n kọ "Flicker reduction" sí, ó yí i kúrò ní 60 sí 50. Ìlà dúdú pòórá. N kò ná kọ́bọ̀. Nínú áàpù míì, "anti-flicker" tàbí "power line frequency" ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀. Àwọn kámẹ́rà kan wà tó máa ń gbàgbé bí a bá yọ wọ́n kúrò lára kọ̀ǹpútà, nítorí náà mo máa ń yẹ tèmi wò kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀ràn yìí ń bá fínra. Ní ilẹ̀ Japan, iná Tokyo jẹ́ 50 Hertz, ti Osaka jẹ́ 60, nítorí pé ẹ̀rọ Jámánì ni Tokyo rà ní 1895, tí Osaka sì ra ti Amẹ́ríkà ní 1896. Wọn kò tíì bọ́ nínú rẹ̀ títí dòní.

Inú mi dùn títí NEPA fi mú iná lọ. A tan jẹnẹrétọ̀, ìlà tún yọjú. Jẹnẹrétọ̀ kékeré bíi tiwa ní láti yí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan kí iná rẹ̀ tó jẹ́ 50 Hertz. Ẹ̀yin náà sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí fíríìjì bá gbéra: ohùn jẹnẹrétọ̀ á wálẹ̀, á kérora, á tún gòkè. Bí ohùn yẹn ṣe ń wálẹ̀ ni Hertz ń bá a wálẹ̀. Kò sí ibi tí èèyàn lè yí kámẹ́rà sí tó lè bá iná tó ń sáré tó tún ń rìn dọ́gba. Àtùpà oníbátìrì, èyí tí a ń ṣáàjì, ló gbà mí. Iná bátìrì kì í lọ kó bọ̀. Mo máa ń yọ ọ́ kúrò lára ṣáájà, mo gbé e síwájú mi, mo tàn án dé ibi tó mọ́lẹ̀ jù, torí òmíràn wà nínú wọn tó jẹ́ pé pípa àti títàn wéréwéré ló fi ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, kámẹ́rà á sì tún rí ìyẹn.

Oríṣi kejì ni èyí tó ń kú tó ń jí. Àwòrán á ṣú pátápátá, kọ̀ǹpútà á dún bí ó ṣe máa ń dún tí a bá yọ nǹkan lára rẹ̀, á tún dún, àwòrán á padà. Dídún yẹn ni kí ẹ fetí sí. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ fi gílóòbù sílẹ̀, okùn àti ihò USB ni kí ẹ lọ wò. Ní tèmi, ihò láptọ́ọ̀pù kò tó, mo bá ra USB hub kékeré kan. Kámẹ́rà wà lára rẹ̀, máòsì wà lára rẹ̀, modem íntánẹ́ẹ̀tì wà lára rẹ̀, ọmọ ilé sì wá ki okùn fóònù rẹ̀ bọ̀ ọ́. Ihò USB 2.0 kan, 500 mílíáàmpù ni ètò fún un, hub tí kò ní ṣáájà tirẹ̀ sì ní láti pín ìyẹn fún gbogbo ẹni tó wà lára rẹ̀. Bí modem bá ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì lójú méjèèjì, á fa iná gan-an, kámẹ́rà á sì dákú. Mo ki kámẹ́rà bọ ara láptọ́ọ̀pù tààrà, mo lé fóònù lọ. Ó tán.

Gígùn okùn náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. USB 2.0 kò gbà ju mítà márùn-ún lọ, ẹni tó bá sì so okùn mọ́ okùn kí kámẹ́rà lè dé ẹnu ọ̀nà yóò rí ìjà. Bákan náà ni àwòrán tó tóbi jù. Gbogbo ẹrù tí USB 2.0 lè gbé kò ju 480 mẹ́gábíìtì lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwòrán 1280 lọ́nà 720 tí kámẹ́rà kò bá fún pọ̀ kí ó tó fi ránṣẹ́, tó bá jẹ́ 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá, nǹkan bí 440 ni yóò gbà nínú rẹ̀ lóun nìkan. Ẹrù tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í fi àyè sílẹ̀ fún nǹkan míì lára hub náà. Bí èèyàn bá dín àwòrán kù sí 640 lọ́nà 480, ẹrù náà á dín kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta.

Oríṣi kẹta ló pa mí lẹ́rìn-ín. Àwòrán kì í kú, kì í nílà, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ojú mi ń lọ sókè sódò. Fáànù òkè àjà ni. Abẹ́ gílóòbù ni wọ́n gbé e kọ́ sí, bí apá rẹ̀ bá sì ti ń yí, òjìji rẹ̀ ń gbá mi lójú, kámẹ́rà náà sì ń sáré tún ìmọ́lẹ̀ ṣe fún òjìji tó ti kọjá lọ. Mo gbójú sókè, mo rí òjìji náà lára ògiri, tó ń yí. Láti ọjọ́ náà, fáànù ilẹ̀ ni mo ń lò nígbà kíláàsì. Fèrèsé tó wà lẹ́yìn èèyàn, tí kọ́tìnnì rẹ̀ ń fẹ́, lè ṣe irú rẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀nà míì, èèyàn lè pa "auto exposure", kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ yan ìmọ́lẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá pè mí pé kámẹ́rà òun ń ṣẹ́jú, ohun tí mo máa ń sọ ni pé kó pa Zoom, kó ṣí áàpù kámẹ́rà nìkan, kó ya fídíò ara rẹ̀ díẹ̀. Bí fídíò yẹn bá mọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, tàbí kí áàpù méjì máa du kámẹ́rà kan náà. Bí kò bá mọ́, kó pa gílóòbù, kó jókòó sídìí fèrèsé lọ́sàn-án. Bí ó bá sì ń ṣẹ́jú síbẹ̀, ìgbà náà ló kan okùn. Nǹkan kan ni kó máa yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá pa gílóòbù, tó pààrọ̀ ihò, tó tún yí settings pa pọ̀ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́, ìṣòro náà á sì padà wá bá a.

Ìyá ọmọ tó béèrè ọ̀rọ̀ NEPA lọ́wọ́ mi gbọ́ nípa 50 yìí, òun náà lọ yí ti kámẹ́rà ọmọ rẹ̀ sí 50 ní Houston. Lọ́jọ́ kíláàsì, ojú ọmọ náà kún fún ìlà. "Àǹtí, a ṣe ohun tí ẹ wí o," ló ní. Mo ní kó dá a padà sí 60, ojú ọmọ sì mọ́. Ìyá ọmọ kan tó wà ní London ni mo sọ fún pé 50 náà ni tiwọn, kó má fọwọ́ kàn án. Oògùn tó wo tèmi sàn ló dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Houston, láìsí ẹni tó ṣe àṣìṣe nínú wa. Kí ẹ tó gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni lórí kámẹ́rà, tí ó fi mọ́ tèmi yìí, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè irú iná tó ń tàn nílé rẹ̀.