Aago Èkó, Aago Lọ́ńdọ̀nù

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìdí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Marina, l'Ékòó, ènìyàn ló ń bá ẹ̀rọ ṣọ́ òru. Àwa tí wọ́n ń pè ní ọ̀pùrétọ̀ la máa ń jókòó sínú yàrá tútù nini, tí ojú wa ò ní kúrò lára aago ògiri. Aago mọ́kànlá alẹ́, a ó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò òpin ọjọ́. Aago kan ààbọ̀ òru, a ó ka èlé sórí owó àwọn oníbàárà. Tó bá fi máa di aago márùn-ún ìdájí, ìwé tí àwọn ọ̀gá máa kà ti ń jáde. Gbogbo rẹ̀ là ń kọ sínú ìwé ńlá kan: iṣẹ́ tí a ṣe, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó parí, ẹni tó ń dúró dè é. Bí NEPA bá mú iná lọ, a ó kọ ìyẹn náà sí i.

Ìgbà tí Unix dé, cron, ètò tó ń dá iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní àkókò tí ẹ bá yàn, gba òru lọ́wọ́ wa. Ìlà kan péré lẹ ó kọ: ìṣẹ́jú, wákàtí, ọjọ́ oṣù, oṣù, ọjọ́ ọ̀sẹ̀, kí ẹ tó wá kọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́. 30 1 * * *, aago kan ààbọ̀ òru nìyẹn, lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ìlú wo ló ni aago náà? Cron kò béèrè. Aago tó bá lára ẹ̀rọ ló ń tẹ̀ lé. Èkó lẹ̀rọ wa wà, kò sẹ́ni tó rò ó.

Nígbà tó yá, owó epo jẹnẹrétọ̀ fẹ́ jẹ wá run, ilé iṣẹ́ wa sì kó server lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Oṣù kẹjọ ni. A dán gbogbo rẹ̀ wò, ó ń lọ geerege, nítorí pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, aago Lọ́ńdọ̀nù àti ti Èkó kì í fi ìṣẹ́jú kan yàtọ̀. Aago tiwa kì í yí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 1919 ni Èkó ti fi wákàtí kan ṣáájú Greenwich. Ti Lọ́ńdọ̀nù ló máa ń yí: ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, tó bá ti di aago méjì òru, wọ́n á dá a padà sí aago kan. Lóru ọjọ́ yẹn, aago kan ààbọ̀ dé lẹ́ẹ̀mejì, cron àtijọ́ tó wà lórí ẹ̀rọ wa sì ka èlé lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ Ajé, ìwé aago márùn-ún di ti aago mẹ́fà. Ìyá kan ní ẹ̀ka ìṣirò ló kọ́kọ́ rí i: “Ẹ gbà mí o, ẹ wo èlé yìí!”

Ọ̀gá wa àgbà ní kí a gbé ìwé ńlá ìgbà ọ̀pùrétọ̀ jáde. Ìwé yẹn ló gbà wá, ó sì ń dùn mí pé wọn kì í kọ irú rẹ̀ mọ́. A mú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, a wo ẹni tó ń dúró dè é àti ìlú tó wà. A tún ẹ̀rọ mìíràn ṣètò, a fi sí UTC, aago àgbáyé tó bá ti Greenwich dọ́gba tí kì í yí, a sì ń yọ wákàtí kan kúrò nínú aago Èkó. 30 1 di 30 0.

Owó oṣù ló gba àròjinlẹ̀ jù. Ọjọ́ kìíní oṣù, aago méjìlá ààbọ̀ òru, ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ yọ wákàtí kan kúrò, ó di alẹ́ àná: ọjọ́ 30 nígbà mìíràn, 31 nígbà mìíràn, 28 tàbí 29 nínú oṣù kejì. Cron kò sì ní àyè tí a lè kọ ọjọ́ ìparí oṣù sí. Ọ̀gá sún un sí aago méjì òru, kó lè bọ́ sí ọjọ́ kìíní nínú UTC náà.

Ìlà cron ti olúkúlùkù sì wà lọ́tọ̀. Ẹni tó bá fi crontab -l wo ìlà lórúkọ root, ọ̀gá ẹ̀rọ, nìkan kò tíì rí nǹkan. Lábẹ́ orúkọ òṣìṣẹ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì la ti bá iṣẹ́ tó ń fi ìwé ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Kí a tó ṣí ẹ̀rọ tuntun, a fi àmì # síwájú gbogbo ìlà tó wà lórí ti àtijọ́, kí àwọn méjèèjì má baà jọ san owó oṣù kan náà.

Nígbà tí oṣù kẹta ń parí lọ, Lọ́ńdọ̀nù tún fo láti aago kan sí aago méjì. Ká ní aago tiwọn la ṣì ń lò ni, kò ní sí aago kan ààbọ̀ rárá lóru yẹn. A kò sùn. Èlé ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ìwé jáde ní aago márùn-ún Èkó, ìyá ẹ̀ka ìṣirò sì fi ẹ̀rọ ìṣirò ọwọ́ rẹ̀ tún un kà látòkè délẹ̀. Kọ́bọ̀ kan kò yẹ̀.