Ìbéèrè tí Bàbá bi mí lẹ́yìn tí ẹja mi ti jẹ ara wọn

Ẹni tó bá ń gbèrò láti bẹ̀rẹ̀ ẹja sísìn, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín, kẹ́ ẹ má baà pàdánù bíi tèmi.

Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mo yá. Mo ra tapólì, mo kan pákó yí i ká, mo ra ọmọ ẹja àrọ̀ 1,000. Ẹni tó tà á fún mi ní òun á máa tọ́ mi sọ́nà lórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni. Lóòótọ́, ó máa ń gbé fóònù mi! Àmọ́ ohunkóhun tí mo bá bi í, kí n wá ra oúnjẹ ẹja sí i ni. N ò sọ pé kò mọ iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n èrè tiẹ̀ ti wọlé kí ẹja tèmi tó dàgbà. Kò sọ fún mi rí pé àrọ̀ máa ń jẹ ara wọn.

Àwọn ńlá ni mò ń rí lójú omi, inú mi ń dùn. Mi ò mọ̀ pé àwọn kéékèèké ni wọ́n ń gbé mì. Nígbà tó di oṣù kẹta, mo fa omi kúrò, mo ka ẹja lẹ́ẹ̀mejì. 380 ló kù. Mo dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì dé, mo jókòó lé e. Mi ò lè pe ìyàwó mi.

Ìyá kan tó ń yan ẹja lọ́jà wa ló mú mi lọ bá Bàbá kan tí wọ́n ti ń sin ẹja tipẹ́. Mo rò pé wọ́n á dárúkọ oògùn ni. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ta ló máa rà á?"

Mo ní, "Bàbá, tó bá ti tóbi, wọ́n á rà á."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹja tó ti tó tà tó ṣì wà nínú omi, owó ẹ ló ń jẹ. Oúnjẹ èló lo ti bọ́ ọ?"

Mi ò rí ìdáhùn. Mi ò kọ nǹkan kan sílẹ̀ rí.

Wọn ò gba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n máa wá bá àwọn ṣiṣẹ́ láàárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èmi tí mo ti ń pe ara mi ní ọ̀gá! Ibẹ̀ ni mo ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣa ẹja ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì: ẹja ò ní jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà, ńlá á lọ sọ́dọ̀ ńlá, kékeré á lọ sọ́dọ̀ kékeré. Tí òjò bá ṣú, wọ́n á dín oúnjẹ kù, torí ẹja kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹun tí omi bá tutù.

Lẹ́ẹ̀kejì, Bàbá ní kí n má kọjá 500. Ìyá ẹlẹ́ja yẹn ti sọ iye kílò tí wọ́n fẹ́ kí ẹja tó tó tà. 446 ni mo kó jáde. Gbèsè alájẹṣẹ́kù ti ń tán lọ. Bàbá ṣì ń wá yẹ ìwé mi wò lóṣooṣù, inú a sì máa bí wọn tí mo bá gbàgbé láti kọ owó epo jẹnẹrétọ̀ sí i.